Lubabah Kì Í Wo Àgbà Lójú

Beatrice tó ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí pé Lubabah ọmọ Àlímátù ti lóyún, ó sì ń fi nǹkan di ikùn mọ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wọn ọmọ náà fún aṣọ Iléyá, téèpù òun kan nǹkan lábẹ́ bùláòsì rẹ̀. Nǹkan náà le bíi pákó, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì yí ìbàdí ká.

“Ìyá Mùs'áb, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi o,” Beatrice wí, lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní kó bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo sì gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mo sì ti rí ọmọbìnrin tó fi ọ̀já di oyún oṣù méje mọ́ra, tí ìyá tí wọ́n jọ ń sùn kò mọ̀. Ìdajì kejì ni mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, nítorí Ó ti kìlọ̀ fún wa nípa ohun tí a kò fi ojú wa rí.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti ń tẹ̀lé ọmọ yẹn kiri, ohun tí mo sì ń rí kò ran àdúrà mi lọ́wọ́. Lubabah tó máa ń kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ kí mi láàárọ̀ ti di ẹni tó ń tẹ orúnkún kan díẹ̀, tí yóò sì fọwọ́ di ògiri mú. Bó bá ń rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró gbagidi bí ẹni tó ru omi, ọwọ́ kan á wà ní ìbàdí. Bó bá fẹ́ jókòó, á kọ́kọ́ fọwọ́ wá àga. Ta ló ń rìn bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe aboyún?

Ilé wọn kọjú sí tiwa ní Ìtòkú. Aró ni wọ́n fi ń jẹun láti ìgbà ìyá ìyá wọn, ẹ̀yìnkùlé wọn kún fún dúrọ́ọ̀mù àti okùn tí wọ́n ń sá àdìrẹ sí. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní pírámárì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Alájì Àmínù, ló wà nípò baba. Òun ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú agboolé náà. Òun náà ló ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, àti èyí tó pọ̀ jù láàárín.

Lubabah ga. Láti ọmọ ọdún méjìlá ló ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, gíga náà sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, Ìyá Àgbà Ràhámátù. Ìyá yìí ní ìka kan tó máa ń gbé lé ọmọ náà lẹ́yìn ọrùn, tí yóò fi tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. “Sọ ojú sílẹ̀. Ta lò ń wò bẹ́ẹ̀? Ọmọbìnrin kì í gbé àyà síta bí àkùkọ.” Bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni kó máa wò. Bí àgbà bá ń kọjá, kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ìka yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí orí ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la yìn ín. Èmi gan-an máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi obìnrin pé, “Ẹ wo Lubabah, ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́.”

Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni Kóòṣì Theophilus, olùkọ́ irin gbígbé, ti rí i. Aṣọ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ wá rà. Ó yọjú wo ibi tí wọ́n ti ń rẹ aró, ó sì bá ọmọbìnrin gíga kan níbẹ̀, òun nìkan, tó kọjú sí ògiri. Ó ń fa odidi ìdì aṣọ tó ti mu aró yó jáde nínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí, kó má wulẹ̀ dán an wò. Ọkùnrin méjì ló máa ń gbé e ní ilé kejì. Lubabah ki ẹsẹ̀ bọlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣanṣan, ó sì gbé e sórí okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kóòṣì gbàgbé aṣọ tó wá rà. Ó ní, “Ẹsẹ̀ lọmọ yìí fi ń gbé ẹrù o! Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ẹsẹ̀ ló fi ń gbé e!”

Oṣù méjì ló fi ń bẹ Alájì Àmínù kó tó gbà. Alájì ní kí ara ọmọ náà bò látòkè délẹ̀, kó máa kírun lásìkò, kó má sì kọ́ ìyájú wálé. Ọdún mẹ́ta rèé tí Lubabah ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, lọ síbi àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé ìṣẹ́ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, níbi tí Kóòṣì ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbé irin ìdíje. Irin tó ń gbé níbẹ̀ ń ba àwọn ọkùnrin lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ ìdíje, tí ojú pé, ohun tó gbé bí ẹni gbé ìgbálẹ̀ lánàá yóò di òkè lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòṣì kò lóye rẹ̀. Ó yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ó yí bàtà rẹ̀ padà, kò yé e síbẹ̀.

Ìdíje tí wọ́n fẹ́ fi yan àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ẹnì kan péré ni wọ́n sì máa mú nínú àwọn obìnrin tí ìwọ̀n ara wọn jọ ti Lubabah. Ohun tó ń lé láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ìdíje náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, mo rí i ní mọ́ṣáláṣí. Àga ike mẹ́ta la ní lẹ́yìn apá àwọn obìnrin, fún àwọn tí orúnkún ń dùn. Ìyá Àgbà Ràhámátù tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kò tíì gbà láti jókòó sórí wọn. Mo wẹ̀yìn, mo rí Lubabah, ẹni ọdún méjìlélógún, lórí àga láàárín àwọn arúgbó méjì, ó ń kírun lórí ìjókòó. Ọlọ́run forí jì mí, n kò mọ ohun tí lèmọ́mù kà ní rákáà kejì.

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú lọ́jọ́sí, a máa ń gbé kọ́ọ̀pù omi sórí ẹ̀yìn wọn bí wọ́n bá tẹ̀ba lọ sí rúkúù, gẹ́gẹ́ bí àfáà tèmi náà ṣe ṣe fún mi. Bí ẹ̀yìn bá tẹ́jú, omi kò ní dà. Àwọn ọmọ yòókù máa ń fi omi wẹ̀ ni. Lubabah kì í da omi. Ọmọ tí rúkúù rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì ló wá jókòó sórí àga yẹn.

Mo dúró dè é níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá.

“Lubabah, sọ òtítọ́ fún mi. Oṣù mélòó ni?”

“Oṣù mélòó kí ni, mà?”

“Oyún inú ẹ.”

Ẹ̀rín bú sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò tíì jáde tán tó fi di ìbàdí mú, tó sì kùn bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó gbé híjáàbù sókè, ó ṣí etí bùláòsì. Bẹ́líìtì awọ ni, ó nípọn, ó fẹ̀, ó fún un débi pé ó fi àpá sí i lára.

“Bẹ́líìtì tá a fi ń gbé irin ni, mà. Bí mi ò bá dè é, mi ò lè dúró.”

Ìrora náà ti tó oṣù mẹ́rin. Níbi ìdíje kan lápá Ìjẹ̀bú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ láti gbé irin, ó gbọ́ tí nǹkan dún pó nídìí ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, bó bá ti tẹ̀, iná á sọ láti ìdí ẹ̀yìn gba itan òsì lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti dá lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ gbé garawa omi pàápàá. Bó bá tún fi ẹ̀yìn wíwọ́ gbé nǹkan ńlá, wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì náà lè kú.

“Ta ló mọ̀?”

“Ẹ̀yin, mà. Àti Ọlọ́run.”

“Kóòṣì ńkọ́?”

“Áà, ó máa yọ orúkọ mi! Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù, mà. Tí wọ́n bá ti yàn mí, màá sinmi. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ.”

Mo ṣèlérí pé n kò ní sọ fún Beatrice. Ìyẹn nìkan ni mo ṣèlérí. Mo sì sọ fún un pé lọ́jọ́ Ajé, èmi àti òun la jọ ń lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀.

Bí a ṣe débẹ̀, inú Kóòṣì dùn sí mi. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó ń yára sọ̀rọ̀, fèrè kan máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ tí n kò gbọ́ kó fọn rí. “Ẹ káàbọ̀, mà! Ọlọ́run ló rán yín wá. Ẹ jókòó síbí.” Ó gbé àga kan síwájú ibi tí irin wà, kò tó ìṣísẹ̀ márùn-ún. “Níbi ìdíje, ibí yìí ni rẹfirí àgbà máa ń jókòó sí, á kọjú sí ẹni tó ń gbé irin gan-an. Ẹ máa wò ó bí rẹfirí.”

N kò fẹ́ kó gbé e. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Lubabah wò mí. Rárá, kò wò mí o, bàtà mi ló wò, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí. Mo pa ẹnu mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn.

Ó tẹ̀ síbi irin. Ó dì í mú. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ tèmi. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló gbé ojú kúrò, ó sọ ọ́ sílẹ̀ sí bàtà mi. Orí tẹ̀lé ojú. Èjìká tẹ̀lé orí. Àyà ká wọ inú, ẹ̀yìn tẹ̀ bíi dòjé, ìgbà yẹn ló sì fà á.

Irin náà dé orúnkún. Lubabah ké, kì í ṣe igbe ẹni tó ń ṣe agbára. Ó sọ irin sílẹ̀, ilẹ̀ mì, òun náà sì wó sórí orúnkún kan.

“Ojú!” Kóòṣì ń pariwo. “Iwájú ni kí o máa wò! Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Ṣé ilẹ̀ ló fẹ́ bá ẹ gbé e ni?”

“Kóòṣì,” mo ní, “ẹ má bínú sí i. Ara ọmọ yìí kò yá.” Mo sì sọ gbogbo rẹ̀: bẹ́líìtì, ọsibítù, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹsẹ̀ òsì. Lubabah fi ọwọ́ bo ojú.

Kóòṣì lọ síbi irin náà. Ó yọ gbogbo àwo irin kúrò, ó ku ọ̀pá nìkan lásán. Ó bi í bóyá ó lè gbé ìyẹn. Lubabah ní òun lè gbé e. Kóòṣì yíjú sí mi.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí àga yín padà. Ẹ kọjú sí ògiri.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà yí i.”

Mo yí i, mo kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń jẹ níyà. Mo gbọ́ èémí rẹ̀, mo gbọ́ tí irin gbéra. Mo yọjú wẹ̀yìn lábẹ́ ìborùn mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣanṣan, ojú rẹ̀ lọ tààrà sí igi mángòrò tó wà lókèèrè, ọ̀pá náà sì wà lókè orí rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń fi igi ká èso. Kò kùn rárá.

“Ẹ padà kọjú sí i, mà.”

Mo padà. Ọ̀pá lásán náà ni, tí ọmọ kékeré lè gbé. Ojú rẹ̀ bọ́ sí bàtà mi, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ó sì fi eyín kan ètè.

Kóòṣì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. “Ọdún mẹ́ta! Mo ń wá a nínú oúnjẹ, mo ń wá a nínú bàtà. Ojú àgbà ló ń bà á lẹ́rù!” Ó mú búlọ́ọ̀kù kéékèèké mẹ́rin, ó tò wọ́n lérí ara wọn, ó gun orí wọn, wọ́n gbé e. Ó tún wọn tò, ó jẹ́ kí wọ́n wọ́ díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ wọ́n, wọ́n ya dànù. “Ẹ̀yìn èèyàn rèé, mà. Bó bá tò gún, ó lè gbé ilé. Bó bá wọ́, ẹrù náà kò lọ sínú ẹsẹ̀ mọ́, ibi tó wọ́ yẹn ló ń jẹ. Bí ara ṣe máa ń yẹ̀ nìyẹn, agbára á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.”

Mo wo ọmọ náà, mo rántí kọ́ọ̀pù omi. Níwájú Ọlọ́run, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tẹ́jú. Níwájú wa ló ti ń wọ́.

Mo rò pé Kóòṣì yóò sọ pé kó lọ sinmi. Ó nu ojú, ó ní, “Wọ́n lè fún un lábẹ́rẹ́ ìrora. Ọjọ́ Sátidé nìkan. Kó ṣáà má wo rẹfirí lójú, kó wo òkè orí rẹfirí náà.”

“Bí ẹsẹ̀ ọmọ yìí bá kú, ilé ta ló máa gbé, Kóòṣì?”

“Mà, ọdún méjì ló máa tó kí wọ́n tún yan èèyàn.”

Lubabah ń gbọ́ wa.

Ìyá rẹ̀ ni mo sọ fún nígbà tí a délé. Àlímátù sunkún, ó sì sáré lọ sọ fún Alájì, bí obìnrin tó ń sá fún òjò ṣe ń sáré wọnú odò. Lọ́jọ́bọ, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Alájì pe ìpàdé sí pálọ̀ rẹ̀. Òun wà lórí àga ńlá, Ìyá Àgbà Ràhámátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kóòṣì Theophilus náà dé láti wá bẹ̀bẹ̀, ó di fìlà mú lọ́wọ́. Èmi àti Àlímátù wà lórí tìmùtìmù. Lubabah wà nílẹ̀ lórí ẹní, ó tẹ orí ba, mo sì ń rí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe ń le nítorí ìrora.

“Ó ti parí,” Alájì wí. “Irin ti parí nínú ilé yìí. Ọkọ ló kàn.”

“Alájì, ẹ jọ̀ọ́, sà,” Kóòṣì ní, “Sátidé yìí péré. Lẹ́yìn náà kó sinmi ọdún kan bó bá fẹ́.”

“O fẹ́ pa ọmọ wa kí wọ́n lè pe orúkọ rẹ!”

“Sà, ọmọ náà ló fẹ́ ẹ! Ẹ bi í!”

Wọn kò bi í. Ìyá Àgbà ní òun ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé obìnrin tó bá ń gbé àyà síta, nǹkan á bá a. Mo ní, “Ìyá, gbígbé àyà síta kọ́ ló ṣe é. Ìgbà tó ká a wọlé ni.” Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ láàárín ìrun. Àlímátù tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Alájì ń sọ̀rọ̀, Kóòṣì ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń gun orí ara wọn.

“Mi ò gbé e.”

Lubabah ló sọ ọ́, sí ẹní tó jókòó lé. Kóòṣì ló kọ́kọ́ gbọ́.

“Kí lo wí?”

“Mi ò ní gbé irin lọ́jọ́ Sátidé, sà. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́.” Ó fọwọ́ kan itan òsì. “Mo fẹ́ ẹ ju yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ni.”

“Lubabah! Ọdún mẹ́ta!”

“Alhamdulillahi,” Alájì wí, ó fẹ̀yìn tì. “Ọmọ gidi. Ó ti parí.”

“Kò tíì parí, Bàbá.” Lubabah ń tú bẹ́líìtì lábẹ́ aṣọ, ó fà á jáde, ó fi sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ Kóòṣì. “Mo fẹ́ lọ sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n sọ. Bí ẹ̀yìn mi bá san, màá padà sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìdíje mìíràn ń bọ̀.”

Ó sì gbójú sókè. Ó wo Alájì Àmínù. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Omi dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára Alájì.

Alájì gbé ẹ̀yìn kúrò lára àga.

“Ojú ta lò ń wò bẹ́ẹ̀ yẹn?” Alájì bi í.

“Ojú yín ni, Bàbá. Ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.”

Nígbà náà ni ilé gbaná. Alájì na ọwọ́ sí Kóòṣì pé ohun tó kọ́ ọmọ òun nìyí, Kóòṣì ń búra pé kì í ṣe òun, Àlímátù ń pe, “Lubabah, tẹríba, jọ̀ọ́, tẹríba!” Lubabah fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dìde láìtẹ ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń dìde nídìí dúrọ́ọ̀mù aró. Ìyá Àgbà Ràhámátù na ìka yẹn sókè bí ọmọ náà ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀. Ìka náà kò tó ọrùn rẹ̀ mọ́.

“Nínú ilé yìí,” Alájì ń wí, “kò sí ọmọ kankan tí yóò dúró níwájú mi, tí yóò sì—”

Aṣọ ẹnu ọ̀nà ti padà wálẹ̀ lẹ́yìn Lubabah.